Agolo súwíìtì àti ráfíò inú páálí

Ìyá Ìbejì tó ń taṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì wálé láti yunifásítì, ó gbé lápútọ́ọ̀pù sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní káwọn jọ wo fíìmù kan tí àwọn ará Japan fọwọ́ yà, tí wọ́n ń pè ní Grave of the Fireflies. Ìyá Ìbejì ò ka kàtúùnù sí nǹkan kan. Aṣọ lòun ń ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun ní tòun. Kí fíìmù náà tó parí, ìborùn rẹ̀ ti rin gbingbin. Ìbéèrè mẹ́ta ló wá bi mí. Àkọ́kọ́: kí ló dé tí àwòrán lásán, tóun mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn, fi pa òun lẹ́kún, nígbà tí àwọn òṣèré wa ń yí nílẹ̀ gbirigbiri, tí wọ́n ń ké "mo gbé o!" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ojú òun sì gbẹ háúháú? Èkejì ló wúwo jù: bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, omi ò bọ́ lójú rẹ̀ títí wọ́n fi sìnkú tán. Ṣé ọmọ burúkú lòun ni, tó fi jẹ́ ọmọ Japan tí ẹnì kan yà sórí ìwé lòun wá ráyè sunkún fún? Ẹ̀kẹta: àwọn ìbejì ti gbọ́ nípa fíìmù náà, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn náà fẹ́ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n. Ṣé kóun gbà fún wọn?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yìn wọn á dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kejì sílẹ̀ ná. Mi ò fojú fò ó o. Inú ìdáhùn ti àkọ́kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀ wà, a ó sì débẹ̀.

Èdítọ̀ ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gé fíìmù, àgbéléwò sì ni púpọ̀ nínú wọn. Èmi àti olùdarí la jọ máa ń jókòó pinnu bóyá kí ojú òṣèré kan wà níwájú yín fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́jọ, ìgbà tí orin máa wọlé, ìgbà tó máa jáde. Ẹkún tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ṣeé ṣe kí n ti wò ó nígbà ogójì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tí iṣẹ́ yìí sì kọ́ mi ni pé omijé òǹwòran kì í ti ojú òṣèré wá. Inú ohun tí òǹwòran ti mọ̀, tí ẹni inú fíìmù ò tíì mọ̀, ló ti ń wá.

Ẹ rántí bí fíìmù yẹn, tó dá lórí ọmọ méjì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945 lòun kú. A rí i tó fẹ̀yìn ti òpó ní ibùdókọ̀ ojú irin Sannomiya ní ìlú Kobe, tí àwọn èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òṣìṣẹ́ kan tú ara rẹ̀ wò, ó bá agolo súwíìtì kan lára rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú koríko. Agolo ṣí, egungun wẹ́wẹ́ dà jáde, tanná-tanná fò dìde lóríṣiríṣi, ọmọbìnrin kékeré kan sì yọ sí wa láàárín wọn. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan tí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀. Seita, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti kú. Setsuko àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti kú. Wọn ò fi òpin ìtàn pamọ́ fún wa rárá.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní wọ́n ti ba eré jẹ́. Isao Takahata tó darí fíìmù náà mọ ohun tó ń ṣe. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí Setsuko bá ṣe ló ń di ẹrù sí wa lọ́kàn. Ó ń rẹ́rìn-ín, a mọ̀. Ó ń sáré kiri létí òkun, a mọ̀. Súwíìtì inú agolo tán, Seita bu omi sí i, ó mì í, ó fún un mu. Ọmọ náà ń ka adùn gbogbo súwíìtì tó ń tọ́ wò nínú omi yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ń dùn, àwa sì ti mọ ohun tí agolo náà máa gbé nígbẹ̀yìn. Àwọn àgbà wa ti sọ irú rẹ̀ tipẹ́: ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, kò mọ̀ pé ikú tó pa baba òun ni. Ẹ wò ó, ọmọ inú òwe yẹn ò sunkún o. Ó ń ṣeré nídìí ewé tó rí ni. Àwa tí a gbọ́ òwe ni ara wa ń bù máṣọ.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ayinla jáde lọ́dún 2021. Mélòó ni ará Abẹ́òkúta tó dàgbà tí kò mọ̀ pé ìjà ilé ọtí ló gbẹ̀mí Àyìnlá Ọmọwúrà lọ́dún 1980? Ikú rẹ̀ ti wà lọ́kàn èèyàn kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lateef Adédiméjì jáde sójú àwòrán, ó ń kọ àpàlà, ó ń fi ọwọ́ sọ̀yà, ayé ń yẹ ẹ́. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nílé sinimá lọ́jọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó má lọ, kó jókòó sílé, kó jọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan Àyìnlá nígbà yẹn. Obìnrin yẹn ti ń nu ojú.

Nǹkan kan tún wà nínú fíìmù Japan yẹn tí ẹ ti lè máa rò pé ọgbọ́n ayàwòrán lásán ni. Akiyuki Nosaka ló kọ ìtàn rẹ̀ lọ́dún 1967. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù jó Kobe ní 1945, ebi pa àbúrò rẹ̀ obìnrin kú sí i lọ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tóun bá rí oúnjẹ, òun lòun máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ fi Seita inú fíìmù wé e, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbọ́n tí ọkùnrin yẹn ì bá fẹ́ jẹ́ ló kọ sílẹ̀. Takahata náà ò gbọ́ ìròyìn ogun lẹ́nu ẹnikẹ́ni: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí Okayama lóru, tó sì ń sá kiri láàárín iná. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọ́n yà yẹn fi ń ṣe bí ọmọ gidi. Bó ṣe ń wọ bàtà, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹkún bá ń bọ̀, bó ṣe ń fa aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú yín ti rí ọmọ ọdún mẹ́rin rí, Ìyá Ìbejì, ẹ ti tọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ọpọlọ yín mọ̀ pé àwòrán ni. Ọwọ́ àti ẹ̀yìn yín tó ti pọnmọ ò mọ ìyàtọ̀.

Wàyí o, àwọn tiwa tó ń yí nílẹ̀. Mi ò ní bú wọn, nítorí àwọn ni mò ń bá ṣiṣẹ́, mo sì mọ làálàá tí wọ́n ń ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi àwa tí a wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni. Ẹ̀rù máa ń bà wá pé òǹwòran lè má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dunni. La bá ní kí òṣèré ké sí i. A fi kíbọ́ọ̀dù tì í lẹ́yìn. A tún wá gbé orin lé e lórí, orin tó ń ṣàlàyé ohun tí gbogbo ayé ń fojú rí. Ẹ rò ó wò bó ṣe máa ń rí nílé ọ̀fọ̀. Ẹ wọlé, ẹ ti fẹ́ bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà, àfi bí ẹ ṣe bá ẹnì kan nílẹ̀ tó ń fi orí gbálẹ̀. Kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó dì í mú, ẹ ó ní "ó tó, ẹ mú un mọ́ra, ẹ wo àwọn ọmọ." Ẹkún tiyín á sì padà sínú, nítorí ẹni tó ń pẹ̀tù kì í ráyè sunkún. Ohun tí a ń fi fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe fún òǹwòran nìyẹn. A sọ ọ́ di apẹ̀tù.

Ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Lev Kuleshov ti dán irú nǹkan yìí wò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó mú àwòrán ojú òṣèré kan, Ivan Mozzhukhin, ojú lásán tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún. Ó so ó mọ́ àwòrán abọ́ ọbẹ̀. Ó tún so ojú kan náà mọ́ àwòrán òkú nínú pósí. Àwọn tó wò ó yin òṣèré náà: wọ́n ní ẹ wo bí ebi ṣe hàn lójú rẹ̀ níwájú ọbẹ̀, ẹ wo bí ìbànújẹ́ ṣe mú un níwájú pósí. Ojú kan náà ni o! Àwọn ló gbé ọkàn tiwọn lé ojú náà. Gbogbo èdítọ̀ ló mọ ìtàn yìí, ọ̀pọ̀ wa la sì ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a bá jókòó ti ẹ̀rọ.

Èmi náà ti gbàgbé rẹ̀ rí. Lọ́dún kan, mò ń gé fíìmù tí ìyá kan ti gba ìpè pé ọmọ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà márosẹ̀. Òṣèrébìnrin náà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ju fóònù nù, ó já gèlè sílẹ̀, ó yí nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Gbogbo wa wò ó, gbogbo wa ní ó dáa, ojú ẹnikẹ́ni ò sì rọ̀. Mo padà lọ tú àwọn àwòrán tí a ò lò. Mo rí ibì kan níbi tí kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́ kí olùdarí tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Ó mú òkúta kan, ó jù ú nù. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ mú. Ó tún mú ẹ̀wà. Mo gé ibẹ̀ mọ́ ìparí ìpè orí fóònù. Ó gbọ́ pé ọmọ òun kú, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Mo yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò, mo yọ orin kúrò, ìró ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú abọ́ nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń gbé iná fún wa, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ya àwòrán yẹn, tó mọ̀ dájú pé ẹnikẹ́ni ò kú, dìde kúrò ní yàrá ó lọ dúró síta.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ mi bí ẹni tó ní ẹkún ò gbọdọ̀ sí nínú fíìmù. Ọmọ tó ń ké ló wà nínú fíìmù tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ti lò jù láti fi ba èèyàn nínú jẹ́ ní yàrá ìwádìí. The Champ ni, tí Franco Zeffirelli darí lọ́dún 1979. Afẹ̀ṣẹ́jà kan borí nínú ìjà, ó padà sí yàrá tí wọ́n ti ń múra, ó kú síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré dúró tì í. James Gross àti Robert Levenson ní Amẹ́ríkà ṣa fíìmù tó lé ní 250 wò, wọ́n fi ibi 78 tí wọ́n gé nínú wọn han èèyàn 494, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1995. Ibi tí ọmọ yẹn wà, tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, wà lára méjì tí wọ́n yàn fún ìbànújẹ́. Kí ló dé tí ẹkún tiẹ̀ fi ṣiṣẹ́? Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ó ń jí bàbá rẹ̀ ni. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sùn, ó ń wojú àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ bóyá ẹnì kan á bá òun jí i. Ó ní iṣẹ́ tó ń fi ẹkún yẹn ṣe, àwa sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ náà ò lè yọrí. Àwọn tiwa náà mọ̀ ọ́n ṣe tí wọ́n bá fẹ́. Ẹ wá Maami wò, tí Kèlání ṣe lọ́dún 2011 láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, níbi tí Fúnkẹ́ Akíndélé ti ṣe ìyá tálákà kan ní Abẹ́òkúta. Ọmọ tó ti di gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù lókè òkun ló padà wálé, tó ń rántí rẹ̀. Àgbà ọkùnrin ló ń rántí, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé ohun tí à ń wò ti kọjá lọ.

Ó ti kọjá lọ. Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀, Ìyá Ìbejì.

Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ibi tí ọmọ yẹn kú kọ́ ni omi ojú yín ti dà; ẹ ní ibi wọ́tàmẹ́lọ̀n ni. Seita lọ sí báǹkì, ó gba owó tó kù tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Japan ti túúbá, pé àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ti rì, bàbá wọn sì wà nínú ọ̀kan. Ó fi owó ra oúnjẹ, ó sáré padà sí ihò tí wọ́n ń gbé. Ó bá Setsuko tó ń lá ọta gíláàsì tí ọmọdé fi ń ṣeré, ó rò pé súwíìtì ni. Ọmọ náà na amọ̀ tó rọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ìrẹsì nìyẹn, kó jẹ. Seita gé wọ́tàmẹ́lọ̀n, ó fi sí i lẹ́nu. Ó ní ó dùn. Ó dúpẹ́. Seita ní òun ń lọ se oúnjẹ tó kù, òun ń bọ̀. Ọmọ náà ò jí mọ́. Oúnjẹ wà nílẹ̀ wàyí, owó wà lọ́wọ́.

Mo pẹ́ lórí ìlà yẹn nínú lẹ́tà yín. Nítorí pé nísàlẹ̀ ìwé kan náà, níbi tí ẹ ti ń sọ bí ìsìnkú bàbá ṣe lọ, ẹ mẹ́nu ba nǹkan kan bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ ní bàbá ti ń yọ yín lẹ́nu pé ráfíò àwọn ò gbé ìròyìn àárọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ ní ẹ ra tuntun, ẹ fẹ́ gbé e lọ fún wọn ní Sátidé. Tọ́sìdé ni bàbá kú. Ẹ ní ráfíò náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyá Ìbejì mi, bàbá yín lẹ sunkún fún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Àwọn èèyàn máa ń fi òwe yìí bá aṣebí-ọ̀fọ̀ wí, bí ẹni pé ohun ìtìjú ni kéèyàn lọ sílé òkú kó lọ máa rántí tirẹ̀. Èmi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sunkún nǹkan tí kò ní irú rẹ̀ nílé. Iṣẹ́ fíìmù tó dáa ni pé kó gbé ohun kan wá tó rí bákan náà bí èyí tí ẹ gbé pamọ́, kó gbé e kalẹ̀ níwájú yín nínú òkùnkùn, kó má sì pe orúkọ yín. Wọ́tàmẹ́lọ̀n ni wọ́n yà. Ráfíò lẹ rí.

Ẹ wá ní ẹ ò sunkún nígbà ìsìnkú. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sun ún? Akọ́bí bàbá lẹ jẹ́. Ẹ̀yin lẹ ra màlúù. Ẹ̀yin lẹ sanwó kánópì àti àga, ẹ̀yin lẹ bá àwọn ẹbí parí ìjà lórí ankara tàbí léèsì, ẹ̀yin lẹ wá ibi tí àwọn tó ti Èkó wá máa sùn sí. Nílẹ̀ Yorùbá, òkú àgbà ìnáwó ni, ẹni tó bá sì ń sá sókè sá sódò nídìí ìnáwó, ara rẹ̀ mọ̀ pé bóun bá tú pẹ́rẹ́, gbogbo nǹkan á dojú rú. Ara á di í mú. Á máa dì í mú fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan, títí á fi rí ibi tí kò sẹ́ni tó ń wòye, tí kò sẹ́ni tó máa ní ẹ mú un mọ́ra, tí kò sí àlejò kankan lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ lẹ ń ká, iná ti kú, ojú ọmọ yín wà lára lápútọ́ọ̀pù. Ara yín tú u sílẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ẹkún nílò ọ̀nà tó máa gbà jáde, wọn ò sì fi ṣeré. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ ní ẹkún ìyàwó, ohùn tó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti orin tirẹ̀, tó máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí i kó tó jáde nílé. Àwọn ọdẹ ní ìrèmọ̀jé fún ọdẹ ẹgbẹ́ wọn tó bá lọ. Ẹ tún wo ohun tí oríkì ń ṣe: kò sí ibi tí akéwì ti ń ní kí ẹ sunkún. Ó kàn ń pe orúkọ ni. Ó pe baba yín, ó pe baba baba yín, ó dárúkọ oko tó ro, igi tó gbìn, ọ̀nà tó rìn, títí orí yín á fi wú, tí omi á sì gba ojú yín láìjẹ́ pé inú yín bàjẹ́. Agolo súwíìtì nínú fíìmù yẹn, irú iṣẹ́ oríkì ló ń ṣe.

Ẹ ní orí fọ́ yín lẹ́yìn ẹkún náà, pé ó rẹ̀ yín, pé ẹ rò pé ẹ ti fi fíìmù ṣe ara yín léṣe, kó tó di pé ẹ sùn bí ọmọ ọwọ́. Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Ní Yunifásítì Tilburg ní Netherlands, Asmir Gračanin, Ad Vingerhoets àtàwọn ẹgbẹ́ wọn fi fíìmù abanilọ́kànjẹ́ han ọgọ́ta èèyàn. Ọ̀kan nínú fíìmù méjèèjì tí wọ́n lò dá lórí ajá Hachi, èyí tó gbé ayé ní tòótọ́: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ín kú lọ́dún 1925, ajá ò mọ̀, ó ń lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ Shibuya ní Tokyo títí òun náà fi kú ní 1935. (Òun náà, ohun tí a mọ̀ tí kò mọ̀.) Èèyàn 28 sunkún. Bí fíìmù ṣe parí gẹ́ẹ́, inú àwọn tó sunkún bàjẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn náà, ó ti padà sí bó ṣe wà. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú 90, ara wọ́n yá ju kí wọ́n tó jókòó wo fíìmù lọ. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá tún wo irú rẹ̀, ẹ má dìde lọ ka owó ọjà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ mu omi, ẹ jókòó. Ẹ sì bá mi yọ ráfíò yẹn kúrò nínú páálí, kí ẹ fi bátìrì sí i, kí ẹ máa fi gbọ́ ìròyìn àárọ̀. Ẹ ò rà á fún kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó ku àwọn ìbejì. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má tíì wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun, ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìbejì ni wọ́n. Ọmọ méjì tí wọn ò ní ju ara wọn lọ, tí ọ̀kan ń gbé egungun èkejì kiri nínú agolo, àwa tí àwọn baba wa ń gbẹ́ ère ìbejì nígbà tí ọ̀kan bá lọ, a mọ bí irú àwòrán yẹn ṣe lè wọlé sí wọn lára. Ẹ jẹ́ kó di bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sí i, nígbà tí wọ́n bá ń sún mọ́ ọjọ́ orí Seita.

Ní báyìí, fíìmù míràn wà tí ilé iṣẹ́ kan náà, Studio Ghibli, ṣe: My Neighbor Totoro, tí Hayao Miyazaki darí. Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì jáde ní Japan, nínú oṣù kẹrin ọdún 1988, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n sì fi ń wò wọ́n nílé sinimá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì ló wà nínú èyí, ìyá wọn ń ṣàìsàn ní ọsibítù, àbúrò sọnù, wọ́n sì rí i. Ẹ fi ìyẹn hàn wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n á bẹ̀rù díẹ̀, ọkàn wọn á sì balẹ̀ kó tó tán.

Bí ọjọ́ tí wọ́n máa wo Grave of the Fireflies bá wá dé, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ̀gbọ́n wọn náà wà ńlé. Ẹ má sọ fún wọn pé kàtúùnù lásán ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni. Bí Táyé bá bú sẹ́kún láàárín, ẹ má pa á, ẹ jẹ́ kó lọ dópin, nítorí àwòrán tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Seita àti Setsuko jókòó sórí bẹ́ǹṣì lórí òkè, àbúrò ti sùn lọ lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nísàlẹ̀, ìlú Kobe ti òde òní ló wà níbẹ̀, ilé gogoro lóríṣiríṣi, iná tàn kárí. Kẹ́hìndé á bi yín pé ṣé wọ́n ń rí àwọn ará ìlú yẹn, ṣé àwọn ará ìlú ń rí wọn. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn.